Bàálé Mi Ń Fún Omi Lóúnjẹ

Olóòtú wa orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Láti Ìlá ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ wa ra àpótí onígíláàsì fún bàálé mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n máa fi sin ẹja ní pálọ̀. Ó ní kí wọ́n má tíì kó ẹja sí i. Kí wọ́n máa bu oúnjẹ ẹja sómi náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí àwọn kòkòrò tójú ò rí, tí yóò máa jẹ ìdọ̀tí ẹja, lè kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, omi náà dọ̀tí, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé wa. Mo dà á nù, mo fi ọṣẹ fọ àpótí, mo rọ omi tuntun sí i. Bàálé mi dé, wọ́n rí i pé omi ti mọ́, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Àwọn kòkòrò ti ń ṣiṣẹ́." Mo ní mo rí i.

Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Sátidé ni wọ́n fẹ́ kó ẹja wálé. Wọ́n ti lọ yan àwọn ẹja náà, wọ́n sì ti sọ èyí tó tóbi jù lórúkọ mi. Ọmọ wa sì ní bí kòkòrò ò bá tíì pọ̀, ẹja máa kú.

Ṣé kí n jẹ́wọ́ ni? Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bàálé mi kì í fi ètò yín ṣeré, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń fún omi lóúnjẹ ní gbogbo Ìlá. Nítorí náà, ẹ bá mi rọra kà á.