Ìlà Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gán

Ẹ̀yin Bàbá mi tí mi ò lè kí kú iṣẹ́ mọ́,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú pé láti ìgbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, ẹ ò gbúròó mi. Ìròyìn tó dáa ni mo ń dúró dè kí n tó kọ̀wé. Kò dé. Èyí tó wà nílẹ̀ ni mo gbé wá, kò sì dùn ún gbọ́.

Àgbàdo àrọ̀kúrò ti kú, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ pátá. Láti ìdí igi ìyeyè tí ẹ máa ń jókòó sí, títí dé ààlà Ìyá Sàúdá, kò sí ewé kan tó tutù níbẹ̀. Bí mo bá ń rìn láàárín poro, ńṣe ló ń ró lẹ́sẹ̀ mi bíi bébà. Ilẹ̀ ti sán. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo fẹ́ fa ẹ̀gẹ́ tu, igi rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́, ẹ̀gẹ́ kù sínú ilẹ̀. Mo fi ọkọ́ yín wa ilẹ̀ tẹ̀lé e, ẹ̀rúkọ́ kán. Ewé iṣu náà ti ń pọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo wú ọ̀kan wò, kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ.

Òjò kọ́ ló jẹ̀bi. Èmi ni, ọmọ yín.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ilẹ̀ rọ̀ dáadáa. Mọ́tò Àbíjàn tó fẹ́ gbé mi padà síbi iṣẹ́ sì máa gbéra ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé bí mi ò bá tètè dé, òun á fi ẹlòmíràn sí ṣọ́ọ̀bù. Ni mo bá já gbogbo ìdì àgbàdo tí ẹ so kọ́ òkè ààrò, èyí tí èéfín ti sọ dúdú. Mo fọwọ́ yín in, mo gbìn ín lọ́jọ́ méjì. Mi ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Irúgbìn tí ẹ ti ń gbìn kí wọ́n tó bí mi! Ẹ sì mọ ohun tí mo wò kí n tó gbìn ín? Mi ò wojú ọ̀run. Ọjọ́ mọ́tò ni mo wò.

Ká ní oko tiwa nìkan ló kú, mi ò ní dààmú yín níbi tí ẹ sùn sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró ọkọ́ lóko Ìyá Sàúdá, opó tó bá wa pààlà, tí ẹ máa ń bu obì fún. Mo yọjú, mo rí igbá irúgbìn nídìí rẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àwọn tó ń dáko títí dé ọ̀nà Màsífà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbìn. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi ń gbìn. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń wò. Bí ẹ kò bá tíì gbé igbá àrọ̀kúrò, kò sẹ́ni tó máa gbé tirẹ̀. Nísinsìnyí tí ẹ ò sí, èmi ni wọ́n wò.

Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní àṣé èmi náà ti dẹni tí wọ́n ń wò. Òmùgọ̀ èèyàn!

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbìn ín ni òjò ká ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ní ó ń sinmi ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, àgbàdo ga dé ọrùn ẹsẹ̀, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ lọ́sàn-án, ó ń là padà lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò là padà mọ́, kòkòrò sì wọ inú ewé àárín rẹ̀. Fóònù mi ń sọ pé òjò ń bọ̀ lójoojúmọ́. Inú fóònù ló ń rọ̀ sí. Wọ́n gbàdúrà òjò ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Mọ́tò Àbíjàn ti lọ. Mi ò bá a lọ. Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi wọ mọ́tò?

Ìyá Sàúdá ò dá mi lẹ́bi. Ó ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Ó tún fi ẹ̀wà sísè ránṣẹ́ sí mi, pé òun rí i pé mo ti rù. Bàbá, ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí oorun sùn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, wọ́n ti dé, olúkúlùkù dúró sí etí oko rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ́. Wọ́n ń wò mí. Ìyá Sàúdá wá sí ààlà pẹ̀lú agolo mílíìkì lọ́wọ́, àgbàdo inú rẹ̀ ò kún un. Èyí tó ṣẹ́ kù tó fẹ́ fi se ògì fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

“Ọmọ mi, ṣé ká gbìn ín?”

Ẹkún gbé mi. Mo wólẹ̀ síbẹ̀, nínú ẹrẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí mọ́. Mi ò mọ nǹkan kan. Bàbá ò kọ́ mi. Torí mọ́tò ni mo ṣe gbìn lọ́jọ́sí.”

Ó fà mí dìde. Ó ní, “Ṣé o ò kọ́kọ́ gbin tẹ̀gbẹ́ ọ̀gán ni?”

Háà! Ìlà méjì yẹn. Lọ́dọọdún, bí òjò oṣù kẹjọ bá ti ń tan èèyàn jẹ, ẹ ó gbin ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán, níbi tí ilẹ̀ ti le jù nínú oko. Á hù, á gbẹ, àparò á wá tú u jẹ. Ẹ ó tún gbin òmíràn síbẹ̀. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá, ṣé ọ̀gán lẹ̀ ń bọ́ ni?” Ẹ ó máa fi kùùkù àgbàdo nu ara ọkọ́ yín, ẹ ó ní, “Sàráà ẹyẹ ni.” Èmi á rẹ́rìn-ín, ó parí. Àṣé ọjọ́ tí ìlà méjì yẹn bá dúró ni ẹ máa ń gbé igbá! Àṣé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ pàdánù, kí ẹlòmíràn má baà pàdánù.

Ìyá Sàúdá ní kò sẹ́ni tí kò mọ̀ lóko. Ó ní òun ò rí mi níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun rò pé ọjọ́ tí òun ò wá ni mo gbìn ín, torí ọmọ yín ni mí. Gbogbo ayé mọ̀, àfi ọmọ tó jáde lára yín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Àbí mo bi yín rí? Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi jìn, mo sì fa ará yòókù wọlé tọ̀ mí.

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí mi lọ́wọ́ nínú agolo náà. Mo fi gbin ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán lójú gbogbo wọn, wọ́n sì gbé irúgbìn wọn padà sílé. Àdéhùn wa ni pé bí ó bá dúró, wọ́n á gbìn. Bí ó bá kú, wọ́n á jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì mọ̀ pé oṣù ti ń lọ. Bí a bá pẹ́ ju báyìí lọ, òjò ò ní dúró de àgbàdo kó tó gbó.

Òjò ò tíì rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó hù lánàá. Lọ́sàn-án òní, ewé rẹ̀ tín-ín-rín ti ń ká. Mo sáré lọ sódò, mo pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e dé ìdí ọ̀gán, mo ṣí i. Ẹ̀kúnwọ́ Ìyá Sàúdá ló wà nílẹ̀ yẹn, Bàbá. Omi díẹ̀ á gbà á là. Bó bá sì tutù, obìnrin náà á rí i láti ààlà, á da gbogbo agolo rẹ̀ sínú ilẹ̀ tí kò lómi.

Ó dúró ní ààlà lóòótọ́, ó ń wò mí. Mo mu nínú omi náà. Mo gbé ìyókù lọ sí ìdí igi ìyeyè, mo dà á síbẹ̀, kí ìlà méjì yẹn lè sọ òtítọ́ fún un. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ìyá Sàúdá ti yí padà, ó ń lọ sílé.

Ṣé ẹ̀yin náà gbé omi débẹ̀ rí, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin náà gbé e padà?

Èmi ni, ọmọ yín tó fi ìlà méjì rẹ́rìn-ín, tó jókòó tì í báyìí.