Ikọ́ Tó Kù Lẹ́yìn Ariwo

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ilé ń kí ọ. Orúnkún Màmá ti sàn díẹ̀. Bàbá ṣì ń bá tẹlifíṣọ̀n jà.

Sípíkà tí Màmá fi ń gbọ́ ohùn tí o ń fi ránṣẹ́ ń kùn yunmuyunmu bí oyin, torí iná ṣájà rẹ̀ kò mọ́. Mo ki wáyà rẹ̀ bọ inú ìlẹ̀kẹ̀ irin dúdú tó ń sẹ́ ariwo kúrò lára iná, mo sì jó kọ́ìlì, wáyà tí a wé róbótó, mọ́ ọn. Ariwo pa lọ́lọ́. Ikọ́ rẹ tó wà nínú ohùn náà ló kù.

Màmá ní, "Ta ló ń wúkọ́ yẹn?" Mo ní ẹ̀rọ ni.

Olórí kunkun, jọ̀ọ́, lọ rí dókítà. Àìsàn ò ní bá ọ gbélé. Má jẹ́ kí n yọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kúrò, kí ariwo lè padà bo ikọ́ rẹ mọ́ Màmá létí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, oníṣẹ́ rédíò.