Òògùn Ikọ́ Tí Wọ́n Ń Tà Fún Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Láìbéèrè Ìwé Dókítà

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Àwọn Ilé Ìtajà Òògùn,
Ọ́fíìsì Ìlera.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀SÙNKÀN ẸLẸ́Ẹ̀KEJÌ LÓRÍ ILÉ ÌTAJÀ ÒÒGÙN TÓ DOJÚ KỌ ẸNU Ọ̀NÀ ILÉ-ÌWÉ GIRAMA

1. Aránṣọ ni mí. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí tí mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ìwé kejì tí mo ń kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Mo fi àkọ́kọ́ lé akọ̀wé yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì. Ó fi òǹtẹ̀ lù ú lójú mi, ó ní kí n máa lọ sílé, pé ẹ ó ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kò tíì ránṣẹ́. Ẹ má bínú pé mo tún dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìwé méjèèjì ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

2. Àkọ́bí mi, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, ikọ́ dà á láàmú, èmi fúnra mi ni mo sì rán an lọ ra òògùn ikọ́ ní ilé ìtajà náà. Mo sọ ọ́ fúnra mi kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ikọ́ náà lọ. Ọmọ mi kò yé lọ síbẹ̀.

3. Gbogbo ohun tó yẹ kí n rí ni mo rí. Ó ń sùn lórí ìjókòó lọ́sàn-án gangan, ṣíbí oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ìwé kíkà ló rẹ̀ ẹ́. Ó ń họ apá àti ọrùn. Ìyá rẹ̀ pààrọ̀ ọṣẹ. Dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ sún kì, kò ju orí pín-ìnnì lọ. Mo ní a ó wá awò ojú fún un. Ó fi ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ tó ti ń bá a bọ̀ láti kékeré. Ìyẹn gan-an ni mo yìn ín sí, mo ní ọmọ mi ti ń dàgbà. Nínú oṣù Kọkànlá, mo dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kù. Nínú oṣù Kìíní, mo tún dín in kù. Ẹ̀yin Ọ̀gá, iṣẹ́ mi ni kí n mọ ìgbà tí ara ènìyàn bá yí padà. Mo mọ ìwọ̀n ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò yìí sórí. Mo fi téèpù yí ọmọ mi ká, mo kọ iye tó jẹ́ sílẹ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

4. Ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn, ló rí ìgò òfìfo méje nínú àpò ìwé rẹ̀, tí a fi ìbọ̀sẹ̀ wé. Ó tò wọ́n sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Nígbà tí ọmọ náà dé, mo bi í pé kí ni wọ́n jẹ́. Ó ní, "Òògùn ikọ́ ni, Bàbá mi." Láti oṣù Kẹwàá, a kò gbọ́ kó húkọ́ rí. Mo jágbe mọ́ ọn, mo sì pè é ní orúkọ tí bàbá kì í pe ọmọ. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó dúró sí òdìkejì títì.

5. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ẹni tó ń ta òògùn náà. A mọra dáadáa. Èmi ni mo rán ẹ̀wù funfun tó ń wọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo bi í bóyá ó béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Télọ̀, ṣé ẹ̀yin náà máa ń bi oníbàárà yín pé ibo ni wọ́n fẹ́ wọ aṣọ lọ?" Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta wọlé. Kò dúró kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ tó fi na ọwọ́ sí àtẹ. Aṣọ tí mo rán ló wà lọ́rùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

6. Ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ ìwé àkọ́kọ́ sí yín. Mo fi ìgò kan sí i kí ẹ lè rí i.

7. A gbìyànjú nílé. Ó jáwọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń bì, gbogbo oríkèé ara ń ro ó, ó ń sunkún, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má fi òun sílẹ̀ lóun nìkan. Olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ wá kí wa, ó sì jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí i tó ń sùn nínú kíláàsì. Ó rò pé ebi ni, kò sì fẹ́ dójú tì wá. A mú un padà sí ilé-ìwé. Àwa rò pé ó ti parí.

8. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, láàárín iṣẹ́ ìṣirò, ó gbé orí lé tábìlì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé oorun rẹ̀ ni. Nígbà tí olùkọ́ fi máa gbá a léjìká, ètè rẹ̀ ti di dúdú. Ìgò méjì wà lábẹ́ àga rẹ̀. Orúkọ ilé ìtajà náà wà lára wọn. Dókítà ní òògùn náà ló dín èémí rẹ̀ kù, tí afẹ́fẹ́ kò fi dé ọpọlọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wà láàyè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan. Tó bá fẹ́ omi, ó lè sọ pé "fèrèsé", kó sì máa wò wá, kó máa dúró de ohun tó béèrè. Ìwé tí dókítà fi ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ wà pẹ̀lú ìwé yìí.

9. Ilé ìtajà náà ṣì ń ṣí lójoojúmọ́. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tó ń wọ ibẹ̀ ló ń ra òògùn ikọ́, ṣùgbọ́n mo ń rí wọn láti ojú máṣíìnì mi.

10. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá títà náà dúró kí àwọn ọmọ tó wọlé fún sáà tuntun. Ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ìwé mi àkọ́kọ́ wọlẹ̀ sí. Ẹ sì kọ àwọn àmì tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí sí ara ògiri ilé-ìwé, ní èdè tí òbí lè kà, nítorí mo rí wọn tán, n kò sì mọ ohun tí mo ń rí.

11. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnikẹ́ni wá bá mi, n kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ mọ́. Láti aago mẹ́jọ di mọ́kànlá, ilé ìwòsàn ni mo ń wà, nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń di ṣíbí mú.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi tí mo ń retí èsì yín,

Aránṣọ Ojúlé Kẹrìnlá,
Bàbá ọmọ náà.