Èso Méjì Tó Pòórá Lẹ́yìn Táńkì Omi

                                        Ilé Kẹsàn-án,
                                        Ọ̀nà Ilé-Ìwé Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá.

Alápò, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì ti ń kùn wá lójú,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ti gbà kí o gun àkàsọ̀ láìpe gbogbo àdúgbò sí i? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ-ọmọ rẹ tó ń jẹ ìwé ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ ẹ́, àbí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Àwa níhìn-ín ò ráhùn. Eyín ìsàlẹ̀ mi méjì ti fẹ̀yìntì, wọ́n tẹ̀lé ọ̀gá wọn. Ìyàwó mi kí ọ, ó ní abọ́ kékeré tí o gbé lọ kò tíì padà wálé. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ abọ́ kọ́ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ewéko ẹ̀yìn táńkì omi ni.

O rántí rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí o wá kí wa lóṣù kẹjọ, mo mú ọ dé ìdí rẹ̀, o sì bẹ̀rẹ̀ wò ó pẹ̀lú orúnkún burúkú yẹn. Bí o bá ti gbàgbé, jẹ́ kí n tún un sọ. Ìdílé ọ̀dú ni, ìdílé tó bí ikàn, ata àti tòmátì, tó sì bí tábà pẹ̀lú, torí kò sí ìdílé tí kì í ní ọmọ kan tí wọn kì í dárúkọ níwájú àlejò. Gíga rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, n ò sọ orúnkún ta ni. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ bí èékánná ológbò wà lára ọ̀pá rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ewé. Ewé náà nírun bí aṣọ òtútù. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, onígun márùn-ún, bí ìràwọ̀ tí ọmọ kíláàsì kìíní yà. Àpò márùn-ún aláwọ̀ ìyeyè, tó ń tọ́jú ìyẹ̀fun tó ń mú òdòdó so èso, sì gbára jọ sáàárín rẹ̀. Èso rẹ̀ kò ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ó ní ilà funfun, ó sì wọ àpò ewé ẹlẹ́gùn-ún kan dé ọrùn bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ewéko, n ò rí irú rẹ̀ rí, àfi àwòrán kan nínú ìwé tí ikán ti jẹ dé ìdajì. Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko, ṣùgbọ́n àbúrò ọ̀dú yìí, olóko tó mọ̀ ọ́n ni mò ń wá.

Èso méjì péré ló so. Ìwọ náà rí i pé wọ́n ti ń pọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo débẹ̀, kò sí ọ̀kankan.

Ìfura loògùn àgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún láàárọ̀, mò ń mu ún lọ́sàn-án. Télọ̀ tó háyà yàrá iwájú ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí ìtòsí táńkì ló máa ń sá aṣọ sí. Mo yí ọ̀rọ̀ po, mo yí i ká, mo bi í bóyá ó rí ẹnikẹ́ni nídìí ewéko mi. Ó wo ewéko, ó wò mí.

"Bàbá Tíṣà, ọ̀dú tó hu ẹ̀gún yìí lẹ ń ṣọ́? Mo ti rò pé ẹ gbàgbé láti fà á tu ni."

Mo dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó pè é ní ọ̀dú tó hu ẹ̀gún kò lè jí i.

Ó kan ìyàwó mi. Mo rọra bi í bóyá ó gbálẹ̀ débẹ̀.

"Tíṣà, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa gbá ẹ̀yìn táńkì. Ṣé ẹ ti gbá a ni?"

Mo tú ẹjọ́ náà ká.

Ó wá ku Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tí èmi fúnra mi kọ lẹ́tà sí nígbà tí mo rí ewéko náà. Ẹnu ni mo fi pa ara mi: mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kí ẹ ṣe ohun gbogbo tó bá yẹ." Ó wá lọ́jọ́bọ̀ ṣáájú ìwọ, pẹ̀lú dígí méjì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lọ́rùn, bóyá kí ọ̀kan lè sinmi. Ó wúkọ́ níwájú ewéko náà bí ẹni tó fẹ́ wàásù fún un. Ó ní ohun tí ojú òun ń rí yìí, ojú kan kò rí i rí. Ìyàwó mi ní, "Ojú Tíṣà ńkọ́?" Kò gbọ́. Orúkọ ara rẹ̀ ló ti fẹ́ sọ ọ́. Télọ̀ sì sọ fún mi pé ó tún padà wá lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a kò sí nílé. Kí ni mo tún ń wá? Mo ti mú olè.

Kí ó má baà tún mú òmíràn, mo gé àwọ̀n ẹ̀fọn, mo fi bo ewéko náà, mo fi òkúta mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òdòdó méjìlá ló tanná lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó so. Ọjọ́ tí ìkẹwàá já ni mo rí oyin ńlá dúdú kan tó ń forí gbá àwọ̀n. Alápò, ojú tì mí débi pé mo jókòó lórí òkúta kan. O mọ̀ pé òdòdó yẹn kì í da ìyẹ̀fun rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ihò kékeré bíi ti ìgò iyọ̀ ló wà lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Àfi kí oyin ńlá dì í mú, kó kùn mọ́ ọn títí á fi gbọ̀n jáde. Mo ti yà á sójú pátákó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ti fún ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ní òdo. Èmi ni mo wá ti alárinà mọ́ta, tí mò ń retí ọmọ.

Mo ká àwọ̀n kúrò. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Kí n tó dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbé ṣọ́bìrì wá. Ó fi lẹ́tà mi han ìyàwó mi, "ohun gbogbo tó bá yẹ", ó hú ewéko náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò, ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn fún àkọsílẹ̀. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní kó dá èso mi padà. Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí. Ọjọ́ Àìkú yẹn ló kọ ọ́ síbẹ̀: "Kò sí èso mọ́." Ó ní ewéko tí kò léso, ẹlẹ́rìí tí kò lẹ́nu ni. Ó wá tẹjú mọ́ mi láti òkè dígí.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi wọ́n pamọ́?"

Ó yà mí lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé òun náà ń lo oògùn àgbà.

Mo padà sídìí ihò tó gbẹ́. Ẹ̀ka kan ti ṣẹ́ kù síbẹ̀, ẹ̀ka tó so èso gan-an. Mo wo ojú ibi tí èso méjèèjì ti kúrò. Wọn ò já a, wọn ò fà á. Èékánná ni wọ́n fi gé e, ní ṣonṣo bí ẹnu gègé. Ẹyẹ kì í gé nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi eyín jẹ gbogbo èékánná rẹ̀ tán. Nígbà tí èmi àti ìwọ jọ ń kọ́ni, ta ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa pé, "Ẹ má já èso lọ́rùn, ẹ fi èékánná gé e ṣonṣo, kó bá ọ̀pá rẹ̀ wá, kó má baà rà"? Mo wá rántí pé o ní kí n bá ọ bu omi mímu wá lọ́jọ́ Sátidé náà. Nígbà tí mo gbé e dé, ọwọ́ rẹ wà lápò, o sì ń yin táńkì. Alápò, ta ló ń yin táńkì?

Inú kò bí mi. Ká ní o jẹ́ olóòótọ́ ni, ewéko yẹn ì bá ti parẹ́ lọ́wọ́ èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ṣì ń fura sí, òun ni kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa: pé o ti gbàgbé wọn sínú àpò kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, àti pé ìyàwó rẹ ti ń wo kóòtù náà láti fọ̀. Gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀, lọ yẹ àpò wò. Bí o bá rí wọn, fọ kóró wọn nínú omi tútù, sá a síbòji, má jẹ́ kí oòrùn rí i. Gbìn ín, má rì í jìn. Bí ó bá sì tanná, jọ̀wọ́, má fi ohunkóhun bò ó.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi dì í lọ́wọ́ mú kúrò nídìí ọṣẹ. Kí ọmọ-ọmọ rẹ náà, má jẹ́ kó jẹ kóró. Bí ọ̀kan bá hù, kó erùpẹ̀ sínú abọ́ ìyàwó mi, kí o fi gbé e wá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò fura sí ọ mọ́, torí ó ti dá a lójú,

Tíṣà Ewé