Fúnkẹ́ mìíràn lábẹ́ igi máńgòrò

Ìkọ̀lé, Ọjọ́ Àìkú, 2004

Wọ́n tún lé mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Obìnrin tó jókòó tì mí fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ẹ̀dà kì í bá ọmọ ènìyàn jókòó." Ta ni kò mọ̀ pé lára ọmọ Màmá, Fúnkẹ́ tó kú, ni wọ́n ti ṣe mí?

Mo lọ bá àwọn ẹ̀dà yòókù lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọbìnrin kan tí n kò rí rí wà níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó yíjú padà, ojú mi ni mo rí, títí kan àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

"Fúnkẹ́. Ọ̀dọ̀ màmá rẹ ni mo wà kí wọ́n tó kó mi lọ sí oko kòkó ní Ìpáò. Èmi ni mo ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ yẹn ṣáájú rẹ."



Mo délé, mo bi Màmá pé, "Fúnkẹ́ mélòó lẹ ní kí wọ́n ṣe?"

Wọn ò gbójú kúrò lára ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já. "Títí a ó fi rí èyí tó jọ Fúnkẹ́ mi délẹ̀."

"Ṣé èmi ni, Màmá?"

"Fúnkẹ́ kì í bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀."

N kò ní béèrè ohunkóhun mọ́, kí wọ́n má baà kó èmi náà lọ sí Ìpáò.