Ẹni Tó Mọ Abẹ́ Ilẹ̀ Mowé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Àbúbákr Ògúnkànmí, Agbẹ́kànga (1951–2026)

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹbí Ògúnkànmí ti Ìfọ̀ ń kí yín. A ò ní fi irú èyí san án fún yín.

Ní ọdún 1951, lásìkò tí àgbàdo tuntun ń jáde, ni a bí Bàbá wa sí agboolé Ògúnkànmí, lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìfọ̀. Bàbá tó bí wọn ni Olóògbé Ládélé Ògúnkànmí, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó tún ń dáko ẹ̀gẹ́. Ìyá wọn ni Olóògbé Mọ́ríámù Àṣàkẹ́, ọmọ Ọbáfẹ́mi, tó ń ta epo pupa. Ọmọ mẹ́rin ni ìyá náà bí, méjì ló yè: Bàbá, àti àbúrò wọn, Mùsáfírù, tí wọ́n fi ọdún mẹ́fà jù lọ.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì kà á dópin. Ohun tí gbogbo tísà sọ nípa wọn ni pé ìbéèrè ọmọ yìí pọ̀ ju ti olùbẹ̀wò lọ. Bí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀ láti ojú ọ̀run, Bàbá á bèèrè ibi tó ń gbà lọ tó bá délẹ̀ tán. Mùsáfírù ní tirẹ̀ dúró ní kíláàsì kẹrin. Tísà kan nà án lórí ohun tí kò ṣe, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó ṣì mọ orúkọ tísà náà títí di òní.

Ní ọdún 1967, Bàbá lọ kọ́ iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀, ọ̀gá rò pé ẹ̀rù á bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n fà wọ́n jáde, yẹ̀pẹ̀ ló kún àpò wọn: pupa láti òkè, ofeefee láti àárín, funfun bí ẹfun láti ìsàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ilẹ̀ kan ṣoṣo fi ní àwọ̀ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, kò sí kànga tí Bàbá gbẹ́ tí wọn kò bu yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò àti ọdún sí i lára.

Wọ́n fẹ́ ìyàwó wọn, Àlájà Sàúdátù, ní ọdún 1978. Ọ̀yọ́ ni ìyàwó ti wá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ilé ọkọ, ó wo agolo tó kún pálọ̀, ó ní, “Ṣé ọkọ mi ń ta yẹ̀pẹ̀ ni?” Ìyá ọkọ dá a lóhùn pé, “Kì í tà á. Wíwò ló ń wò ó. Ìwọ náà á wò ó títí á fi mọ́ ọ lára.” Ó sì mọ́ ọn lára.

Ní ọdún 1992, Bàbá kó lọ sí Lotto ní Mowé, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn ará Èkó ti ń sá fún owó ilé. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò lánàá, ènìyàn mẹ́ta ń jà sí i lónìí. Àwọn ejẹ́ǹtì ń kó oníbàárà wá ní Sátidé, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wá nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ, tí púlọ́ọ̀tì orí òkè àti ti inú àbàtà jọ ara wọn bí ìbejì. Bàbá ní àṣìṣe tí ará Èkó ń ṣe jù nìyẹn, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni owó ajẹmọ́nú òpin ọdún ń wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n sì ń rí ọ̀nà.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń wá bi Bàbá kí wọ́n tó sanwó ilẹ̀. Bàbá kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ mú agolo àdúgbò náà wá, wọ́n á dà á sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà. Wọ́n á ní kí o lọ wo ìdí ògiri aládùúgbò. Ibi tí ọ̀dà bá ti yí àwọ̀ padà, ibẹ̀ ni omi ń dé. Wọ́n á ní kí o má gba ọ̀nà tí ejẹ́ǹtì mú ọ gbà wá padà sílé, torí kò sí ejẹ́ǹtì tó máa gbé ọ gba orí afárá tó ti já. Wọ́n á ní rísíìtì ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ìwé ilẹ̀; jẹ́ kí sọ́fíyọ̀, awọnlẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ mú wá, wò ó bóyá ìjọba ti mú ibẹ̀. Ẹni tó ti kọ́lé tán, wọ́n á kìlọ̀ fún un kí kànga wà níwájú, kí sọkawéè, ihò omi ilé ìyàgbẹ́, wà lẹ́yìn, kí àwọn méjèèjì má mọ ara wọn rí. Wọ́n á sì ní kí ó má bu yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi ga ju ti aládùúgbò lọ, torí omi tí ènìyàn lé kúrò nílé rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé náà padà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bàbá fi bójú tó gọ́tà fún ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù Lotto, ẹni tó bá sì fi ṣọ́ọ̀bù dí gọ́tà, wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù náà lójoojúmọ́ títí yóò fi wó o.

Ibi tí a dé yìí, àwọn kan nínú ẹbí ní kí a fò ó. Mùsáfírù ní kí a kọ ọ́.

Bíríkìlà ni Mùsáfírù. Ní ọdún 2005, ó ra púlọ́ọ̀tì kan ní Ìbàfò, níbi tó rẹlẹ̀. Bàbá bá a débẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, “Mùsáfírù, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló ni ibí yìí.”

Mùsáfírù ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ní rísíìtì?”

Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ́ ilé náà, iyàrá mẹ́ta, kò sì sí ẹlòmíràn tó bá a to búlọ́ọ̀kù kan. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ó tà á, kí ó padà sí Ìfọ̀ lọ dá ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí egungun rẹ̀ tó di ti àgbà. Gbogbo ayé rẹ̀ ló wà nínú ilé náà. Lóṣù kejì ọdún 2014, tọkọtaya kan dé láti Èkó, Adébánjí àti Stella. Wọ́n fẹ́ràn ilé náà. Wọ́n ní àwọn á mú owó wá lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n ti ń padà lọ, Stella ní àwọn gbọ́ pé bàbá kan wà ní Lotto tó mọ ilẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n onílé ni.

Bàbá bi wọ́n pé, “Ta ló ni ilé?”

“Bíríkìlà kan ni sà, Ọ̀gbẹ́ni Mùsáfírù.”

Bàbá ní, “Àbúrò mi ni. Ìyá kan, bàbá kan.”

Stella ní, “Ẹ̀hẹ́n, ó ti bọ́ sí i nìyẹn. Bàbá, ṣé ilé náà dára?”

“Ilé dára. Kò sí bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ ní gbogbo Ìbàfò. Ilẹ̀ tó gbé e lé ni kò dára. Ẹ padà wá lóṣù kẹsàn-án, kí ẹ mú bàtà òjò dání.”

Ọjọ́ Ajé kò rí tọkọtaya náà mọ́. Mùsáfírù gbọ́, ó gbéra, ó di Lotto.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ bá wọn sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni.”

“Kí ni mo fi ṣe yín?”

“O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Wọ́n bi mí ni.”

“Ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀?”

“Ní Mowé yìí? Ta ló máa gbà pé èmi ò mọ ilẹ̀?”

Mùsáfírù ní, “Láti òní lọ, ẹ má pè mí ní àbúrò mọ́.”

“Kí ni kí n wá máa pè ọ́?”

“Ẹ má pè mí rárá.”

Ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá. Bí Ìléyá bá dé, Mùsáfírù á wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò mọ ẹbí. Á jókòó sí pálọ̀ kan náà pẹ̀lú Bàbá, á sọ fún Àlájà Sàúdátù pé, “Ìyá Ikram, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé mo kí wọn.” Bàbá á ní, “Sọ fún un pé mo gbọ́. Bi í bóyá ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san.” “Ẹ sọ fún wọn pé ó ti san.” Ìyá Ikram á ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n ráyè bu ọbẹ̀.”

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2014 yẹn, omi wọ ilé Mùsáfírù dé orúnkún. Ní ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ìró dígà lẹ́yìnkùnlé. Bàbá ló dé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà láti etí odò bọ̀ wá sí ìhà ilé. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Mùsáfírù wò wọ́n láti ojú fèrèsé títí di ọ̀sán. Nígbà tó yá, ó mú ṣọ́bìrì tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilé lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Wọ́n pàdé láàárín, wọ́n nu ojú, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, omi kì í kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ Mùsáfírù lọ́kàn ju ìbínú lọ. Ó fẹ́ mọ ìdí. Àwọn tọkọtaya náà kì í ṣe ẹbí, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kí ló dé tí Bàbá kò lè pa ẹnu mọ́ nítorí ọmọ ìyá wọn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Kò sì lè bi wọ́n, torí òun ló ní kí ọ̀rọ̀ má sí láàárín àwọn mọ́.

Mùsùlùmí òdodo ni Bàbá. Wọn kì í pa Jímọ̀ jẹ, àwọn ló sì gbẹ́ kànga àlùwàlá mọ́sálásí wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Ọmọ́táyọ̀, ọmọ wọn, fẹ́ pásítọ̀, Bàbá gbẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú, wọ́n ní omi kan náà ló wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ni Bàbá padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Mùsáfírù wà lára àwọn tó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ń palẹ̀ pálọ̀ mọ́ de àlejò. Mùsáfírù ń kó agolo sínú páálí, ó rí ọ̀kan tí kò ní orúkọ lára. Ó ṣí i. Awẹ́ táyà, àkísà àti àfọ́kù àwo ló wà níbẹ̀.

“Ìyá Ikram, ilẹ̀ wo lèyí?”

Àlájà Sàúdátù gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ obìnrin tísà kan ni, lójú ọ̀nà Ìfọ̀, ní ọdún 1986. Bàbá gbẹ́ kànga fún un, wọ́n gbẹ́ débi tó jìn tó ìdúró ènìyàn, wọ́n bá ààtàn ńlá tí ẹnìkan ti fi yẹ̀pẹ̀ pupa bò. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà ló ń fún Bàbá níṣẹ́ nígbà náà. Obìnrin náà bi wọ́n bí ilẹ̀ ṣe rí, Bàbá ní ilẹ̀ dára. Ó kọ́lé tán, ilé rì sí apá kan, ògiri là débi tí ọwọ́ fi ń wọ̀ ọ́. Igi ló fi ti ògiri náà títí ó fi kú.

Àlájà ní, “Wọ́n ní àwọn ò tún ní purọ́ fún ẹni tó bá bi àwọn nípa ilẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ti ẹbí àwọn. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin gan-an ni wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́.”

“Kí ló dé?”

“Wọ́n ní ẹ ò ní gbàgbé.”

Ní Ọjọ́rú tó kọjá yìí, ejẹ́ǹtì kan mú oníbàárà lọ sí Ìbàfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ kó kúrò ní ilé àyágbé ni, gbogbo owó rẹ̀ ló sì ti pé. Ilé ti gbówó lórí níbẹ̀. Iye tí ejẹ́ǹtì pè tó kí Mùsáfírù fi padà sí Ìfọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ejẹ́ǹtì ti sọ fún Mùsáfírù létí pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ògiri, ó wo òrùlé, ó wá bèèrè pé, “Omi kì í wọ ibí, àbí, sà?”

Ejẹ́ǹtì ń ṣẹ́jú sí Mùsáfírù.

“Ó máa ń wọ̀ ọ́,” ni Mùsáfírù wí. “Dé ọrùn ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ gọ́tà yẹn, orúnkún ni.”

“Ta ló gbẹ́ ẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Ejẹ́ǹtì ní irú ìdílé wo nìyí. Ilé náà wà níbẹ̀, kò tíì rí ẹni rà á.

Bàbá fi ìyàwó sílẹ̀ sáyé lọ, Àlájà Sàúdátù. Àwọn ọmọ: Ikram, tó ń ránṣọ ní Ìfọ̀. Ládélé, tó ń gbẹ́ ihò omi ẹ̀rọ ní Mowé, tí gbogbo agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀. Àti Ọmọ́táyọ̀, ìyàwó pásítọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ni Sùlèímọ́nù, Àyànfẹ́olúwa, Dáníẹ́lì, Jésùlayọ̀mi àti Delight. Wọ́n sì fi àbúrò kan ṣoṣo sílẹ̀, Mùsáfírù.

Ẹbí fẹ́ kí ìwé yìí sọ pé ìjà ti parí. Mùsáfírù kọ̀. Ó ní irọ́ ni yóò jẹ́, inú ṣì ń bí òun, òun ì bá sì ti wà ní Ìfọ̀ láti ọdún 2014. Ó ní ká ní Bàbá sọ ọ̀rọ̀ obìnrin tísà náà fún òun lọ́jọ́ yẹn, òun ì bá bínú fún ọdún kan péré.

Kí Ọlọ́run foríji Bàbá wa, kí ó fún wọn ní ilé sí orí ilẹ̀ líle ní Àlùjánnà. Ẹ sùn re o, Bàbá Kànga. Àbúrò yín kò tíì máa bọ̀. Nígbà tó bá dé, ẹ fún un láàyè kó jókòó, torí ìbéèrè tó fẹ́ bi yín pọ̀.