Olùkọ́ Barthélemy Lùkúmọ́nù àti Lẹ́tà Tí Wọn Kò Dáhùn

Ní abúlé Bessé, nílẹ̀ Ṣábẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1958, ni a bí bàbá wa, Olóògbé Barthélemy Tolúlàṣẹ Lùkúmọ́nù. Souleymane Lùkúmọ́nù, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Sakinatou, tó ń yan kajú tà, ni ìyá wọn. Ọmọ méje ni ìyá náà bí, ikú sì mú márùn-ún ní kékeré. Bàbá wa àti ẹ̀gbọ́n wọn, Ìyá Faïzatou, ló ṣẹ́ kù. Ìyá Faïzatou wà láàárín wa lónìí, ojú wọn kò sì tíì gbẹ láti ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọdún 1965, àwọn àlùfáà Kátólíìkì gba ọmọ Mùsùlùmí yìí sí iléèwé wọn nílùú Ṣábẹ̀. Bàbá àgbà kò janpata. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ àwọn ní ìwé, kó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó má kọ́ ọ ní ìgbéraga. Ibẹ̀ ni orúkọ Barthélemy ti wá, ibẹ̀ náà ni Bàbá ti gba ìgbàgbọ́ tí wọ́n dì mú títí dọjọ́ ikú. Nígbà tí wọ́n dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń fi Faransé ṣe fáàrí, Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá gbá mú. Ẹnu àwọn oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nídìí rélùwéè, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Abomey-Calavi ní 1983. Ní 1984, ìjọba rán wọn padà wálé láti máa kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì Bàbá mọ ohun tó máa ń bí wọn nínú jù. Nínú èdè tiwa, ẹnì kan lọ, ogún èèyàn lọ, "lọ" náà ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gba bẹ́ẹ̀. Bí olùwà bá jẹ́ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ìṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ni, kó sì múra bí ẹni tó mọ̀. Bàbá a ní kí ọmọ kan dìde, kó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí kíláàsì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ mẹ́ta dìde, kí wọ́n tún un sọ. Gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere títí wọ́n á fi ní kí ọmọ kan sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lọ sóko. Níbẹ̀ ni gbogbo kíláàsì á ti ṣubú. Ọmọ Ṣábẹ̀ wo ni yóò pe bàbá rẹ̀ ní ẹnì kan ṣoṣo? Wọ́n á sọ bàbá di ogunlọ́gọ̀. Bàbá a rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní: "Gẹ̀ẹ́sì ò mọ àgbà o. Ẹ bọ́ ọ̀wọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ ṣe ń bọ́ bàtà. Ẹ óò bá a níbẹ̀ tí ẹ bá ń jáde." Lẹ́yìn ẹ̀rín yìí, wọ́n á mú bíìkì pupa, gègé tí wọ́n fi ń máàkì, wọn kò sì ní dá ẹnikẹ́ni sí.

Ní ọdún 1990, Bàbá fẹ́ ìyá wa, Rosalie Gbémisọ́lá, ọmọ àwọn oníṣòwò tó ti Ìbàdàn wá tẹ̀dó sí Ṣábẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Elvire, Rodrigue àti Flora. Ní ilé, Bàbá kì í lu ọmọ. Àtúnṣe ni tiwọn. Bí èèyàn bá kí wọn káàárọ̀ tí ọ̀rọ̀ kan wọ́ nínú ìkíni náà, wọ́n á tún un ṣe kí wọ́n tó jẹ́ ẹ. A máa ń fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́, àwọn náà á sì rẹ́rìn-ín.

Nínú ìjọ, àwọn ló ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Àìkú, ohùn wọn kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́. Láàárín ìlú, kò sí àgbẹ̀ kajú kan ní agbègbè Sakin tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá dé bá tí kì í gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bàbá á kà á, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì bá a kọ èsì kí oorun tó wọ̀. Wọn kò jẹ́ kí èsì ẹnikẹ́ni di ọ̀la.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó wù wá ká fò ó. Bàbá ló kọ̀ fún wa. Lórí àìsàn, wọ́n di ọwọ́ Rodrigue mú, wọ́n ní: "Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí mi. Ẹ kọ ọ́, kí wọ́n yé bú ọmọ yẹn."

Ní ọdún 2008, Elvire, àkọ́bí wọn, wà nínú kíláàsì Bàbá. Máàkì kan ṣoṣo ló kù kó fi kọjá. Àwọn olùkọ́ yòókù bẹ Bàbá pé kí wọ́n fi kún un, Bàbá ní àwọn kò ní fún ọmọ àwọn ní ohun tí àwọn fi du ọmọ ẹlòmíì. Elvire tún kíláàsì náà ṣe fún oṣù kan péré, ìtìjú kò jẹ́ kó lè gbójú sókè. Àbúrò ìyá wa mú un lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Kò sí ìjà níbẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà kàn ń dun ọmọ ni.

Ní ọdún 2014, lẹ́tà Elvire dé. Ó ti lọ́kọ, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan, Tiwalọpẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ gbogbo rẹ̀, ojú ewé mẹ́ta, kí Bàbá lè rí i pé òun ti gbọ́ ọ wàyí. Ohun tó béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé òun lè gbé ọmọ náà wálé kí Bàbá fọwọ́ kàn án lórí? Bàbá mú bíìkì pupa. Àṣìṣe mẹ́rìnlá ni wọ́n fa ìlà sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ibi tí Elvire ti ń sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé èèyàn púpọ̀ ni. Wọ́n fún un ní mẹ́sàn-án nínú ogún, wọ́n fi lẹ́tà náà sínú àpòòwé, wọ́n dá a padà sí Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn á kọ èsì gan-an lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ dí, wọ́n gbàgbé.

Elvire kò kọ̀wé mọ́. Ó ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti ní kó bá Bàbá sọ̀rọ̀, ìlà á já. Bàbá mọ̀ pé kì í ṣe ìlà ló ń já. Wọ́n á dìde, wọ́n á lọ jókòó síta, wọ́n á kọjú sí àwọn òkè àpáta. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó ń ṣòro fún wọn láti bẹ̀rẹ̀. Àgbà kì í mọ bí a ti í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, ó sì dùn wá pé a kò ran wọ́n lọ́wọ́.

Nínú oṣù kìíní ọdún 2025, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá, ó mú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà, wọ́n rán Rodrigue sí Ìbàdàn. Rodrigue ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn kọ lẹ́tà dání, wọ́n ní lẹ́tà ti ba nǹkan jẹ́ tó. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé: "Bàbá ní kí o gbé ọmọ wálé. Wọ́n ní kí o má bínú pé ó pẹ́." Elvire sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, ó gba fóònù lọ́wọ́ Rodrigue, ó sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Bàbá béèrè ohun tí Tiwalọpẹ́ ń ṣe. Ó ní ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò parí ní ogúnjọ́ oṣù náà. Bàbá ní rárá o, a kì í mú ọmọ kúrò nídìí ìdánwò, kí wọ́n parí rẹ̀ kí wọ́n tó máa bọ̀, àwọn óò dúró dè wọ́n.

Wọn kò lè dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà, Bàbá dákẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n. Elvire àti ọmọ rẹ̀ wọ Ṣábẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n bá ilé tó kún fún èrò àti ibùsùn tó ṣófo.

Àwọn kan nínú ẹbí ti sọ pé ọmọ tó fi bàbá sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Ìyá Faïzatou ló dá wọn lóhùn: "Èmi ni mo dàgbà jù nínú ilé yìí. Ọmọ ò fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ̀wé, a ò fèsì." Nítorí náà, Elvire ni yóò kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ lónìí, ọjọ́ kejìlá oṣù keje. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó bi àwa.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé ni Ìyá Faïzatou, ẹ̀gbọ́n wọn; Màmá Rosalie, aya wọn; Elvire, Rodrigue àti Flora, àwọn ọmọ wọn; ọmọ Rodrigue méjì, tí Bàbá kọ́ ní lẹ́tà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa; àti Tiwalọpẹ́, tí Bàbá kò rí.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, Bàbá. Kí ilẹ̀ Bessé fúyẹ́ lára yín. Ọmọ ti ṣe ìdánwò rẹ̀ tán. Òun àti ìyá rẹ̀ ti wálé. Ẹ sùn re o.